Àkànní, Mú Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Yẹn Wá

Àkànní, jókòó síbẹ̀ yẹn. Fi àga yẹn sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Má sì sọ fún mi pé o ti jẹun, ojú rẹ ò jọ ojú ẹni tó ti jẹun. Ìyá rẹ ti pè mí láti Ìkòròdú. Ó ní o fẹ́ lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ, kí o fi ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kẹ̀! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà Olúwo náà ni mo wà yìí, ẹja mi wà lórí iná, orí tìrẹ ló ń wọ́.

Ta ló sọ pé ẹ́ńjìnnì ló kú? Mẹ́káníìkì. Ṣé ó tú u wò? Kò tú u. Ó kàn tẹ́tí sí i, ó mi orí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mú ₦650,000 wá, ká lọ gbé ẹ́ńjìnnì Belgium ní Ládípọ̀." Ìwọ náà sì ń wá owó kiri.

Ṣebí èmi náà wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? A ò tíì kọjá Ìmọ́ta tí ọwọ́ aago ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. O pa ẹ́ésì, mo dákẹ́. O wá tan hítà! Nínú oòrùn ọ̀sán, èmi tí mo wọ léèsì, ooru ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ mi lójú bíi pé èmi náà ni ẹja tí wọ́n fẹ́ yan. O ní ọgbọ́n ni, pé hítà máa ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Mo gbà, ọgbọ́n ni. Àmọ́ ká tó dé afárá Ìtóìkìn, èéfín ti ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, o sì ń fi àkísà ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì ń hó! Àfi ìgbà tí mo pariwo. Ṣé ojú kan ṣoṣo tó rẹwà nínú ìdílé wa lo fẹ́ bó? O pe ọmọdé tó ń ta píọ̀ wọ́tà, ò ń fi eyín ya á, ò ń dà á sí i. Mo ń kà á. Mọ́kànlá. Mọ́kànlá, Àkànní, ilẹ̀ iwájú ọkọ̀ sì gbẹ táútáú.

Ibi tí omi yẹn ń gbà lọ ni kó o béèrè, má tíì béèrè ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó o fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì dúdú ló wà lára rẹ̀. Ká ní ó ti funfun bí ẹ̀kọ tí wọ́n da mílíìkì sí ni, omi ti wọnú ọ́ìlì nìyẹn, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀.

Mo tọ Bàbá tó ń tún ọkọ̀ ṣe l'Áyétòrò lọ, mo sọ fún wọn bó ṣe ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé irú Camry wo ni. Mo ní Big Daddy, ti 2004, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àìsàn kan wà tó ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì 2.4 yẹn: àwọn bóòtù gígùn tó di orí ẹ́ńjìnnì mú, inú álúmíníọ̀mù ni wọ́n ti wọlé, tó bá pẹ́, ojú ihò yẹn á jẹ, bóòtù á dẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ò ní dì mọ́, omi á máa jò láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú ò ti tètè tó o. Bó o bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan láìyẹ ihò bóòtù wò, kò ní pẹ́ tó fi máa tún hó. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe: wọ́n á gbẹ́ ihò yẹn, wọ́n á ki irin olójú tuntun bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ṣe é o.

Ó lè má jẹ́ ìyẹn rárá. Ó lè jẹ́ fáànù tí kò yí, tàbí ìdérí rédíétọ̀ tí kò gba agbára mọ́. Ṣé o wá rí i? Belgium tó o fẹ́ yá owó rà, irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni, àìsàn kan náà lè wà lára rẹ̀. Ta ló sì mọ iye ọdún tó ti fi sáré nílùú òyìnbó?

Thermostat ńkọ́? Wọ́n ti yọ ọ́ jù nù, àbí? Mo mọ̀! Wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in, kì í tètè móoru tó bó ṣe yẹ, á sì máa mu epo. Epo tí lítà rẹ̀ jẹ́ ₦617 l'Ábújà ní oṣù keje 2023, tó sì ti sún mọ́ ₦1,000 l'Ékòó nígbà tó di oṣù kẹwàá 2024. Ìyẹn lò ń jẹ́ kó mu! O wá fi ₦85,000 ra rédíò tó ń dún bí ilé àríyà. Rédíò ń kọrin, rédíétọ̀ ń mu píọ̀ wọ́tà.

Má bínú, ó ká mi lára ni. O ò mọ 504 ọkọ mi dáadáa, o kéré nígbà náà. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot níbẹ̀ ní 1975. Kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí o ò lè rí rà nígbà yẹn, kódà fọganáísà mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wá ń wọ́n, ọkọ mi kọ̀, kò fi í sílẹ̀. Lónìí, kábúrétọ̀. Lọ́la, gíà. Ó ta pulọ́ọ̀tì tó ní l'Ágbọ̀wá, ó fi ṣe ẹ́ńjìnnì, kò sì jẹ́ kí ẹnì kan wo ìdí ọkọ̀ náà. Ìdí ti jẹrà! Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sókè, irin ń wó sílẹ̀ bí àkàrà. Ẹ̀yìn ilé la gbé e sí. Adìẹ mi pa ọmọ mẹ́sàn-án lórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Àga tí wọ́n fi owó pulọ́ọ̀tì rán tuntun.

Nítorí náà, ìdí ọkọ̀ rẹ la máa kọ́kọ́ wò. Bó bá ti jẹrà, tà á bó ṣe wà, má fi kọ́bọ̀ kan kún un. Bí ìdí bá dára, tí gíà sì ṣì ń wọlé wẹ́rẹ́, a ó tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ ní tí àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì owó ọkọ̀, kí èèyàn tà á. Ó dáa, kó o tà á, kó o wá fi kí ni ra òmíràn? Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, tòkunbọ̀ wo lowó olùkọ́ bíi tìẹ ká? Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣírò ni iye tó o máa san fún wíwọkọ̀ láti Ìkòròdú sí ibi iṣẹ́ rẹ ní Nọ́fọ́rìjà fún oṣù mẹ́fà. Bí owó àtúnṣe ò bá ju ìyẹn lọ, ṣe é. Bó bá jù ú lọ, fi í sílẹ̀. Kọ iye yẹn sínú ìwé kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì, torí tí wọ́n bá ti tú u tán, àánú ọkọ̀ á ṣe ọ́, wàá máa fi kún un.

Mo ti bá Bàbá sọ ọ́, wọ́n á wá fà á lọ sí Ayétòrò lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti san owó àyẹ̀wò. Má dúpẹ́, wàá bá mi gbé àpẹ̀rẹ̀ ẹja. Kọ́kọ́rọ́ dà? Mú un wá. Kórópe lo máa wọ̀ lọ sí Ìkòròdú lónìí. Lọ fọ ọwọ́, epìyà ti jinná.