Yógà fún Ẹ̀yìn Ríro: Ibi Tí Ẹ Ti Lè Bẹ̀rẹ̀, Ibi Tí Ẹ Ti Gbọ́dọ̀ Dúró

Awakọ̀ tó ń jókòó sídìí sítíárìn láti ìdájí, aránṣọ tó tẹ̀ mọ́ máṣíìnì títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá ọlọ́jà tó ń gbé àpò gaàrí sọ̀ tó tún ń gbé e rù: kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ẹ̀yìn ríro fún wọn. Wọ́n ti fi ìpara gbígbóná pa á, wọ́n ti gbé oògùn ìrora mì, wọ́n ti sùn sórí ilẹ̀ gbalasa. Tí ẹnì kan bá wá ní kí wọ́n lọ ṣe yógà, wọ́n á ṣí fóònù, wọ́n á rí ọmọge kan tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn, wọ́n á sì rọra gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ kíkọ́ ọrùn kọ́ là ń sọ níhìn-ín. Yógà tí wọ́n fi ń tọ́jú ara tó ń dunni kì í le, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà náà sì lè ṣe é.

Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó fi èyí han ayé ni B.K.S. Iyengar, tí wọ́n bí ní Bellur ní gúúsù Íńdíà lọ́dún 1918. Inú àìsàn ló ti dàgbà: ibà, táífọ́ọ̀dù àti ikọ́ ife kò jẹ́ kó gbádùn ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó lọ sí Mysore, lọ́dọ̀ Krishnamacharya tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó sì ń kọ́ni ní yógà láàfin ọba ibẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ le. Nígbà tóun náà wá di olùkọ́, kò ní kí aláìsàn fi ipá ṣe ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Àga, okùn, bẹ́líìtì, pákó àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń kó jọ, kí wọ́n lè gbé ara ró níbi tí iṣan kò bá ti lágbára. Nílé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Pune lọ́dún 1975, kíláàsì kan wà fún àwọn aláìsàn, ohun tó ń ṣe oníkálukú ni wọ́n sì fi ń yan ìdúró fún un.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àìsàn la kọ́kọ́ ń wò, ká tó yan ohun tí ara máa ṣe. Títẹ̀ síwájú tó tu ẹnì kan lára lè dá kún ìrora ẹlòmíì tí ẹran rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ síta. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ́ ẹní rárá, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ẹsẹ̀ kan ń kú tàbí ó ń rọ? Ṣé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò ṣeé mú dúró mọ́? Ṣé ibà ń bá ẹ̀yìn ríro náà rìn, àbí ẹ ń rù láìnídìí? Ṣé lẹ́yìn ìṣubú tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan péré bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí.

Àwọn dókítà náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn 320 jọ tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́, tí owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan. Wọ́n fi àwọn kan sí kíláàsì yógà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe é nílé pẹ̀lú. Wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan nílé ìwòsàn. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2017, yógà kò rẹ̀yìn sí ìtọ́jú yẹn. Èyí tí wọ́n ṣe ní Britain, tó jáde lọ́dún 2011, kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn: àwọn tó ṣe yógà ń lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń lè gòkè àtẹ̀gùn, wọ́n ń lè ṣe iṣẹ́ ilé ju àwọn tí kò ṣe é lọ, ṣùgbọ́n ìrora fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn ni kí ẹ retí. Ẹ̀yìn tó ṣeé lò là ń wá, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ohun èlò kò wọ́n. Ẹ wá ẹní, àga onígi tí kì í yí, àti ògiri. Ní ti bẹ́líìtì, ọ̀já ìpọnmọ dáa ju èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lọ: ó gùn, ó lágbára, kì í sì í gé ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ gidi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán kó lọ jókòó ná.

Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí ẹ dojú sókè, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àga láti orúnkún dé gìgísẹ̀. Ẹ máa mí níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìbàdí tó ti le gbagidi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ mọ́ ẹní. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá burú, ẹ fi mọ síbẹ̀, ó tó.

Bí ara bá gbà, ẹ dìde kúnlẹ̀ kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀, kí ọwọ́ wà lábẹ́ èjìká, kí orúnkún wà lábẹ́ ìbàdí. Bí ẹ bá ń mí sínú, ẹ jẹ́ kí ikùn rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ń mí síta, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè bíi ti ológbò tó ń nara. Ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, jẹ́jẹ́.

Ó wá kan ọ̀já. Ẹ tún dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún òsì kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ sì na ẹsẹ̀ náà sókè títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára lẹ́yìn itan. Kò pọn dandan kó dúró ṣánṣán. Ìjókòó pípẹ́ ló ń mú iṣan ẹ̀yìn itan súnkì. Tí ẹ bá wá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, ìbàdí kò ní yí dáadáa, gbogbo wàhálà náà á dà sórí ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣejù. Kí iṣan máa fà, kò burú. Bí nǹkan bá ń ta yín láti ìdí lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ẹ sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lo ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ tó pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ká orúnkún méjèèjì, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀ fún èémí márùn-ún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, ẹ lè ṣe é níbi iṣẹ́ pàápàá: ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ní ìwọ̀n ìbàdí, ẹ máa rìn sẹ́yìn títí ẹ̀yìn yóò fi tẹ́ gbalaja, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí orí ẹní, ẹsẹ̀ lórí àga, kí ẹ sinmi.

Bí ẹ bá ń sinmi, ẹ kà dé mẹ́rin bí ẹ ṣe ń fa èémí sínú, ẹ kà dé mẹ́fà bí ẹ ṣe ń tú u síta. Mímí wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí ń mú kí ọkàn rọra lù, ó sì lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Mo ní díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa oògùn tì, kò gbọdọ̀ sé èémí, kò sì gbọdọ̀ fi orí dúró. Ẹni tí ìfúnpá inú ẹyinjú ń yọ lẹ́nu pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dorí kodò. Àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ máa ká ẹ̀yìn síwájú. Kó fo ti ológbò. Kí aboyún wá olùkọ́ tó mọ tirẹ̀, nítorí bí oyún bá ti dàgbà, kò dáa kó máa dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ́. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS ní láti máa mu omi, kí wọ́n sì sá fún kíláàsì tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá gbígbóná. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, kó yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn Híńdù ló wà níbẹ̀. Inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yógà ti wá lóòótọ́, kò sí ìdí láti fi í pa mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀já lẹ́sẹ̀ àti ẹsẹ̀ lórí àga kò nílò orin tàbí àdúrà kankan. Bí ẹ bá fẹ́ gba àdúrà tiyín síbẹ̀, ẹni kankan ò ní dí yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá wá olùkọ́, ẹni tó bi yín nípa àìsàn yín kó tó ní kí ẹ dùbúlẹ̀ ni kí ẹ bá lọ. Ẹni tó bá ń tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ tipátipá, tàbí tó ní kí ẹ da oògùn dókítà nù, ẹ ká ẹní yín kí ẹ máa lọ sílé. Ìdajì wákàtí, nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀, tó. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀ kankan nígbà náà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ìtọ́jú mìíràn ni ẹ̀yìn yẹn ń fẹ́.