Àròkọ Aṣàlàyé: Bí Ọmọdé Bá Ṣèèṣì Gbé Ohun Ìṣaralóge Mì

Olùdánwò, irú àkọlé báyìí kò ní kí o pa ìtàn. Ohun tí a ó ṣe ni ó ń béèrè: èyí tí yóò ṣáájú, èyí tí yóò tẹ̀lé e, àti ìdí rẹ̀. Bí o bá fi èyí tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn ṣáájú, kì í ṣe máàkì nìkan ni ó lè bá a lọ.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Ayọ̀bọ̀, mo fún kíláàsì kan ní iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó kọ ọ́ pé kí a rọ epo pupa sí ọmọ náà lẹ́nu, kí a sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Èdè wọn dán mọ́rán, àmì ohùn wọn pé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà lè pa ọmọ. N kò bá wọn wí púpọ̀, nítorí ohun tí àwọn àgbà ilé tiwa náà ń ṣe nìyẹn.

Wo rìláàsà, ìpara tí àwọn onídìrí fi ń mú kí irun nà. Sódà líle, irú èyí tí a fi ń ṣe ọṣẹ, wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó lè máa jó ọ̀nà ọ̀fun. Bí a bá mú kí ọmọ bì í, yóò tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Epo pupa kò pa oró yìí. Ó tilẹ̀ lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, kọ ọ́ báyìí:

“Bí a bá bá ọmọ nídìí ike rìláàsà, tí ẹnu rẹ̀ funfun, kí a kọ́kọ́ gba ike náà, kí a fi aṣọ tútù nu ètè àti inú ẹnu rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fún un ní epo, a kò sì gbọdọ̀ mú kí ó bì. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣáá, tí kò lè gbé nǹkan mì, tàbí tí oorun ń gbé e lọ, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu mọ́. Kí a mú ike náà dání, kí dókítà lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní Èkó, a lè pe 767 tàbí 112. Ará Ayọ̀bọ̀ lè gbé ọmọ lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò ti Alimoṣo ní Ìgàndò. Kí a má dúró de àmì, nítorí ẹnu lè mọ́ kí ọ̀fun sì ti jó.”

Ṣé o rí i bí “kí a” àti “a kò gbọdọ̀” ṣe ń ṣiṣẹ́? Àṣẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe àbá.

Má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ohun ìṣaralóge ni ó burú bákan náà. Vaseline tàbí ìkunètè tí ọmọ lá díẹ̀ kì í sábà ṣe nǹkan. Lọ́fínńdà yàtọ̀: ọtí inú rẹ̀ lè kun ọmọdé lóorun tí ó léwu. Ní ti pọ́dà, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rù rẹ̀ wà, bí ọmọ bá fà á símú.

Tìróò ni àwọn olùdánwò máa ń gbàgbé. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ó jẹ́ ìran Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó lé ní 80 nínú 100 rẹ̀ tí ó jẹ́ òjé. Ojú ni wọ́n ń lé e sí, ṣùgbọ́n ọmọ a máa fọwọ́ nujú, a sì máa fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má bì, ó lè má sunkún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ ìpínrọ̀ kan lórí ohun tí ìyá ọmọ tí ó lá tìróò yóò ṣe. Fi ìdí ohun kọ̀ọ̀kan tì í.