Ohun Tí Ọwọ́ Olè Fi Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo àtàǹpàkò wa. Ẹ ò rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀? Kí a tó mọ̀wé, ìlà yìí ni a fi ń jẹ́ orúkọ wa. A ó ti ìka bọ yíǹkì, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nísinsìnyí a ti lè kọ orúkọ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtàǹpàkò kò tíì tán.

Ìlà ọwọ́ ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíràn mu. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jọra títí kí ìyá wọn máa ṣì wọ́n pè, ìlà ọwọ́ wọn yàtọ̀. Bí a bá fọwọ́ kan gíláàsì tàbí àwo, òógùn àti ọ̀rá ara wa a máa fi ìlà náà síbẹ̀. Ojú lásán lè má rí i. Ọlọ́pàá tó kọ́ iṣẹ́ náà yóò fi ìyẹ̀fun kan pa á, yóò sì hàn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1892, ní ìlú Necochea ní ilẹ̀ Argentina. Wọ́n bá ọmọ méjì ní òkú nínú ilé. Ìyá wọn, Francisca Rojas, ní aládùúgbò òun ló pa wọ́n. Ọlọ́pàá mú ọkùnrin náà, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó ṣáà ní òun kọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá mìíràn dé, Álvarez lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Vucetich ti kọ́ ọ ní ìmọ̀ ìlà ọwọ́. Ó rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára ilẹ̀kùn, ìlà ìka sì wà nínú rẹ̀. Ó gé igi náà, ó fi wé ìka ìyá ọmọ. Wọ́n bára mu! Obìnrin náà jẹ́wọ́, aládùúgbò sì bọ́. Ìyà kò mú òtítọ́ jáde, ẹ̀kọ́ ló mú un jáde.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ti wọ iṣẹ́ náà. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ni INEC fi gba ìka wa nígbà ìforúkọsílẹ̀ ìbò ọdún 2011. Kọ̀ǹpútà lè fi ìka kan wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ọdún 2011, abala 84, gba kí ilé ẹjọ́ wo ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, bí a bá lè fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí náà, ọlọ́pàá tí kò kọ́ṣẹ́ yìí lè ba ẹjọ́ jẹ́, kí ọ̀daràn sì máa lọ sílé rẹ̀.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Ká ní olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ùsì-Èkìtì lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo àdúgbò á rọ́ wọlé. Ẹnì kan á gbé àgádágodo yẹ̀ wò, ẹlòmíràn á gbálẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó dé, ìka ogún ènìyàn ti bo ìka olè mọ́lẹ̀. Ọmọ aláìní tó ń kọjá lọ ni a ó wá máa fura sí.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀:
1. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun.
2. Ẹ má jẹ́ kí èrò wọlé. Ẹ pe ọlọ́pàá.
3. Ẹ má lu ẹnikẹ́ni.
4. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ aago tí ẹ débẹ̀ àti orúkọ àwọn tó ti wọlé. A ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Ìbéèrè
1. Kí ni Álvarez rí?
2. Kí ló gba aládùúgbò náà sílẹ̀?