Bí Àlejò Bá Pọ̀ Ju Onílé Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹjọ́ kan náà lẹ ń rò fún mi láti ọjọ́ yìí: "Bàbá, gúrúùpù WhatsApp wa ti bàjẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló bà á jẹ́." Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ti fìbínú jáde, wọ́n lọ dá kékeré mìíràn sílẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ní 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Tom Truscott àti Jim Ellis, gbèrò ohun tí wọ́n ń pè ní Usenet. Kọ̀ǹpútà yunifásítì kan á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn, àwọn ènìyàn á sì máa fèsì lábẹ́ oríṣiríṣi àkòrí. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, ibẹ̀ á dàrú. Wọ́n á tún béèrè ohun tí wọ́n dáhùn lánàá, wọ́n á máa bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí jà. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ á ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n ka ohun tó wà nílẹ̀ ná. Wọ́n tilẹ̀ kó àwọn ìbéèrè tó ń wáyé lemọ́lemọ́ jọ pẹ̀lú ìdáhùn wọn, kí àárẹ̀ má baà mú ẹnikẹ́ni. Kò ní pẹ́ tí àlejò á fi di onílé.

Nígbà tó di 1993, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí oníbàárà wọn débẹ̀. Ní 1994, AOL, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, náà ṣílẹ̀kùn. Àlejò ò dúró de oṣù Kẹsàn-án mọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ya wọlé. Títí dòní, oṣù Kẹsàn-án tí ò parí ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń pe ti 1993. Ní oṣù Kẹrin 1994, lọ́yà méjì láti Arizona gbé ìpolówó lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà (ẹ kúkú mọ òwò yẹn) sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkòrí, ohun yòówù tí wọn ì báà máa sọ níbẹ̀.

Ṣé àlejò 1994 burú ju ti 1984 lọ ni? Rárá o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ orí mélòó ni àgbà kan lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà? Bí ẹni mẹ́wàá bá dé bá ọgọ́rùn-ún, àṣà onílé ni wọ́n á kọ́. Bí ẹgbẹ̀rún bá dé bá ọgọ́rùn-ún, ẹni tó dé lánàá ló máa kọ́ ẹni tó dé lónìí.

Mo rí i nínú gúrúùpù àwọn àgbẹ̀ tí mo wà lórí WhatsApp. Nígbà tí a ò tíì pọ̀, bí ẹnìkan bá gbé àwòrán ewé àgbàdo tí kòkòrò ti lu síbẹ̀, kíá lẹnìkan á ti bi í pé: "Ṣé o ti tú àárín ewé tó ká jọ yẹn wò? Ṣé ìgbẹ́ kòkòrò tó rí bí ohun tí ayùn gé kúrò lára pákó wà níbẹ̀?" WhatsApp tó ń gba ènìyàn 256 nínú gúrúùpù kan ní 2016 ti ń gba 1,024 ní 2022, admin wa sì ń fa gbogbo ẹni tó bá béèrè wọlé. Ni òdòdó "Ẹ káàárọ̀", àdúrà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri àti ìpolówó owó yíyá bá bo àwòrán àgbàdo mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé àwọn tó mọ ìdáhùn. Wọn ò kàn ṣí i wò mọ́.

Ẹ má sì rò pé títì ilẹ̀kùn ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí èrò rọ́ wọ Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó wà níbẹ̀ fi òfin àti ẹ̀rọ ṣọ́ ọ, iṣẹ́ àwọn tuntun tó kọ rere náà sì ń bá pàǹtírí lọ. Láti 2007 sí 2013, iye àwọn olùkọ̀wé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ déédéé fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin admin, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbà wọ́n. Ẹ fi àlejò lé ẹnìkan lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì kọ àṣà ilé ní ìlà bíi márùn-ún, kó má di ìwé òfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ kà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó lanu. Gbogbo àṣà àwa àgbà kọ́ ló sì yẹ kó dúró. Nínú gúrúùpù àgbẹ̀ wa, àwa la ní a ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́. Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí wọn ò mọ̀wé ló rú òfin yẹn, ohùn wọn sì ni mo ti gbọ́ ohun tó wúlò jù nípa títọ́jú ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bínú jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ padà wọlé. Ẹ ò lè kó àṣà ilé jáde, kẹ́ ẹ tún máa bú àlejò pé kò mọ̀ ọ́n.