Ewu Bẹ Lóko Lóńgẹ́: Ìlò Irinṣẹ́ Oníná ní Ṣọ́ọ̀bù

Ewu bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irinṣẹ́ oníná rí: eyín tó fi ń gé irin tàbí pákó léwu, iná tó ń yí eyín náà sì léwu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Ìyànà Iyesi, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Ọ̀tà, àwọn wẹ́dà, àwọn káfíńtà àti àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ló ń fi ẹ̀rọ filing, dírílì àti ayùn oníná jẹun. Kí ọwọ́ tó kan súìṣì ni ìṣọ́ra gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Dísìkì kékeré ti ẹ̀rọ filing, oní-mìlímítà 115, a máa yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Etí rẹ̀ ń sáré bíi kìlómítà 238 ní wákàtí kan. Bí ó bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ yóò ti kan ojú kí ìpéǹpéjú tó pàdé.

Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Gáàdì tó bo apá kan dísìkì ni àkọ̀ ẹ̀rọ filing. Àwọn mìíràn a máa tú u dànù kí dísìkì ńlá oní-mìlímítà 230 lè wọ ẹ̀rọ kékeré. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 6,650 ni wọ́n sábà ń kọ sára dísìkì ńlá pé kó má ṣe yí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Iye tó wà lára dísìkì kò gbọdọ̀ kéré sí ti ara ẹ̀rọ. Dísìkì tó ti sán, tàbí tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára òrùka irin àárín rẹ̀ ti kọjá, kò yẹ ní lílò mọ́. Ayùn pákó eléyín kò sì ní ohunkóhun í ṣe lórí ẹ̀rọ filing: bí eyín rẹ̀ bá há, ẹ̀rọ náà yóò ta padà sára ẹni tó dì í mú. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ọdún 1987 ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí wọ́n fi ààbò bo apá ẹ̀rọ tó léwu. Ohun tó tọ́ fún ilé iṣẹ́ ńlá Sàngó-Ọ̀tà tọ́ fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Gọ́gùù tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú ni ti iṣẹ́ yìí; jígí òòrùn kò lè gba àfọ́kù irin dúró. Apá aṣọ tó fẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọrùn àti ìbọ̀wọ́ aláṣọ ni dírílì máa ń wé mọ́ra kó tó fa ọwọ́ wọlé. Fáìsì ló yẹ kó di páìpù mú, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ tó wọ sílípáàsì. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò jẹnẹrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí ẹ̀ta iná ń ta dé.

Ó kan Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn iná. Fólítì 230 ni iná tó ń wọ ilé. Mìlíámpíà 30 péré tó bá gba àyà kọjá lè fi ẹ̀mí sínú ewu, gílóòbù wáàtì 60 sì ń fà ju ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ lọ. Fíúsì ámpíà 13 inú púlọ́ọ̀gì kò lè gba ènìyàn là, nítorí wáyà ni wọ́n ṣe é fún. Bírékà tó ń já ní kété tí iná bá jò tó mìlíámpíà 30 ni ti ènìyàn. Wáyà tí wọ́n bó lórí, tí wọ́n fi igi ìṣáná há sójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀rọ alára irin kò gbọdọ̀ ṣaláìní wáyà ẹ́ẹ̀tì, àfi èyí tí wọ́n ya igun mẹ́rin kékeré sínú igun mẹ́rin ńlá sí lára. Nígbà òjò, ilẹ̀ tútù àti ọwọ́ tútù kì í ṣe ọ̀rẹ́ iná.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí NEPA bá mú iná lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láìpa súìṣì, a gba ìdí olómi lọ. Àdúgbò yóò ṣàdédé pariwo “Up NEPA!”, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí tábìlì láìsí ẹni tó dì í mú. Ní kété tí iná bá lọ ló yẹ kí súìṣì di pípa, kí púlọ́ọ̀gì sì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ dísìkì.

Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ọ̀gá ló yẹ kó yẹ dísìkì, gáàdì àti wáyà wò láràárọ̀, kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án. Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dì í mú. Iná ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó dúró lórí ibi gbígbẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, ì báà ti dìde dúró fúnra rẹ̀.