Ìwé Dádì Ìbàdàn sí Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́, o kú ewu, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ọyàn ń tó o mu? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀?

Ẹnu ẹlẹ́nu ni Dádì ti gbọ́ pé o ti ní kí kóòṣì má dúró dè ọ́ mọ́. Ìwọ tó jẹ́ òun ló ra bàtà spáìkì àkọ́kọ́ fún! Wọ́n ní àwọn kan ló sọ fún ọ pé abiyamọ kì í sáré ìje.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Shelly-Ann Fraser-Pryce ará Jàmáíkà? Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló bímọ. Ní Doha lọ́dún 2019, ìṣẹ́jú-àáyá 10.71 ló fi gba góòlù mítà 100 àgbáyé. Níbẹ̀ náà ni Allyson Felix ará Amẹ́ríkà ti gba góòlù, oṣù mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún un. Lọ́dún yẹn kan náà ló pariwo síta pé Nike, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣonígbọ̀wọ́ òun, fẹ́ dín owó òun kù. Ilé-iṣẹ́ náà yí òfin rẹ̀ lórí abiyamọ padà kí ọdún tó parí.

Wo Federer, agbá-tẹ́níìsì, ẹ̀wẹ̀. Ìbejì obìnrin dé ní 2009, ìbejì ọkùnrin dé ní 2014, ó ṣì gba Wimbledon ní 2017. Ta ló bi í léèrè ẹni tó ń gbé ọmọ?

Kò sẹ́ni tó bi Dádì náà. Ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri. Mọ́mì Ìbàdàn, tí ẹnikẹ́ni kì í lé bá lórí mítà 400, ló ń sá jẹ́sì rẹ̀ sórí okùn kan náà pẹ̀lú ìlédìí ọmọ. Dádì ló ní kó jókòó ti ọmọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló rí bàtà spáìkì Mọ́mì nínú àpótí. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni Mọ́mì kó sínú ti ọ̀tún. Dádì dé àpótí náà padà, kò lè sọ̀rọ̀.

Gbé ọmọ wá sí Ìbàdàn bó bá pé oṣù mẹ́fà. Dádì ò fẹ́ gbọ́ ti ọmọ ọ̀dọ̀ rárá. Ó ti sọ fún Mọ́mì pé òun ni yóò tọ́jú ọmọ náà. Mọ́mì wò ó títí, ó ní ẹni tó ṣèlérí ni kó pọ̀n ọ́n, ló bá ju ọ̀já sórí àga Dádì.

Ọ̀já náà ṣì wà níbẹ̀ bí Dádì ṣe ń kọ ìwé yìí.