Òwú Tó Já

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi jẹun láti kékeré. Tí mo bá jókòó ti máṣíìnì, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á máa ti aṣọ lọ, èmi fúnra mi á sì ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi nílé wa àtijọ́, tí mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀fọ́ rẹ̀. Kí òwú ṣàdédé já báyìí, mo ti dé. Kí ni ọkàn wà fún gan-an, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ lè dá ránṣọ?

Thomas Huxley, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní ọdún 1874 pé bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin ni ọkàn rí: fèrè ń dún bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀. William James ará Amẹ́ríkà ta ko irú èrò bẹ́ẹ̀ ní 1879. Ó ní níbi tí ara bá ti dé oríta, tí kò mọ èyí tí yóò yà sí, ibẹ̀ ni ọkàn ti ń jí jù. Ti James ni mo gbà. Òwú ti já mọ́ mi lọ́wọ́ tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ méjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá wa, wọ́n sì gbé ìwé jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn ló mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ó kàn gbà á gbọ́ ni. Ẹlẹ́rìí ni ọkàn.

Lọ́jọ́ kan, opó kan gbé aṣọ òkè ọkọ rẹ̀ tó dolóògbé wá, kí n fi rán bùbá fọ́mọ wọn. Rédíò ń sọ̀rọ̀, mo sì gé apá òsì méjì. Aṣọ ò ṣẹ́ kù. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí i ni?" Mo rí i. Ojú mi wà lára aṣọ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹlẹ́rìí ni ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlérí tí ẹ fẹ́ ṣe, ìwé tí ẹ fẹ́ buwọ́ lù, èsì tí ẹ fẹ́ fún aya tàbí ọkọ yín nínú ìbínú, ẹ má dúró dìgbà tí òwú máa já. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọṣẹ́ mi kankan kì í gé aṣọ láìkọ́kọ́ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ náà, kó sì sọ ọ́ síta: òsì rèé, ọ̀tún rèé.